Ta Ló Ni Ilé Ìwé Náà?

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́tà wọlé sórí fóònù ọ̀rẹ́ mi. Físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé girama kan n'Íbàdàn, ó sì ti lo ọdún mẹ́sàn-án lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ilé ìwé kan ní Dubai ló kọ̀wé sí i: àwọn ti gbà á, dirham 10,000 ni wọn yóò máa san fún un lóṣù, kó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kó sì dá a padà láàárín wákàtí 48. Kó tó pè mí, ó ti sọ owó náà di náírà, ó ti san gbèsè, ó ti ra ilẹ̀. Mo ní, "Rọra ná. Ta ló ni ilé ìwé náà?" Ó dákẹ́. Ó ti wo fọ́tò ibi ìlúwẹ̀ẹ́ wọn, ó mọ bí ilé ìwé náà ṣe jìnnà sí etí òkun tó, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò máa sanwó fún un, kò mọ̀ ọ́n.

N kò bá a wí púpọ̀, torí èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jáde nílé, ìlú ni mo yàn, n kò yan ilé ìwé. Ọdún mẹ́fà, ilé ìwé mẹ́ta, orílẹ̀-èdè méjì ni mo fi kọ́ ọgbọ́n. Àwọn ilé gogoro Dubai kò ní pè yín sí ọ́fíìsì láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ torí pé òbí kan ò fẹ́ràn máàkì tí ẹ fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ni ilé ìwé ni yóò pè yín, tàbí ẹni tó fi síbẹ̀. Ọwọ́ ẹni yẹn ni ilé tí ẹ ó máa sùn wà, ọwọ́ rẹ̀ ni físà yín wà, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni lẹ́tà tí ilé ìwé mìíràn yóò béèrè lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò wà.

Ọ̀rọ̀ "international" gan-an ti di ìpara lójú pátákó. Nílé wa níbí, jẹ́léósinmi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọganáísà l'Ákùúrẹ́ lè máa jẹ́ international, kó má sì sí ọmọ Kútọnu kan níbẹ̀, ká má tíì sọ ọmọ Faransé. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn dá International School tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1963. Ohun tí irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ wà fún ṣe kedere ní Geneva lọ́dún 1924, nígbà tí wọ́n dá ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ League of Nations àti ti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Àwọn òbí ń ṣí kiri, wọn ò sì fẹ́ kí ẹ̀kọ́ ọmọ máa já lọ́nà. Ìdí kan náà ló bí International Baccalaureate ní ìlú Geneva yẹn lọ́dún 1968, ìyẹn ìdánwò tí yunifásítì oríṣiríṣi ilẹ̀ lè tẹ́wọ́ gbà. Cambridge náà bẹ̀rẹ̀ ìdánwò IGCSE lọ́dún 1988.

Àwọn ọmọ tó kún inú ilé ìwé wọ̀nyí lónìí yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọmọ olówó ìlú yẹn ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọmọ aṣojú ìjọba ti di díẹ̀. Ibi tí olówó bá sì ti ń to ẹsẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, oníṣòwò á dé. Nítorí náà, oríṣi mẹ́ta ni ẹni tó ni ilé ìwé lè jẹ́. Ó lè jẹ́ ìgbìmọ̀ òbí tàbí ẹgbẹ́ tí kì í pín èrè: owó tó bá ṣẹ́kù, inú ilé ìwé ló ń padà sí. Ó lè jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá tó ní ilé ìwé rẹpẹtẹ, bíi GEMS tó wà ní Dubai, tàbí Taaleem tí ìpín rẹ̀ ti wà lọ́jà ìpín-ìdókòwò Dubai láti 2022. Irú èyí máa ń san owó oṣù lọ́jọ́ tó dá, ó ní ìlànà fún gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó fowó sínú rẹ̀ wà lára èrè, tíṣà sì lè bára rẹ̀ nínú kíláàsì tí àga ò ti ṣófo rí. Ẹ̀kẹta ni ti baba olówó kan, tàbí ti ìdílé kan. Ibí yìí ni mo ti rí èyí tó dára jù àti èyí tó burú jù. Baba tó ni ilé ìwé tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń mọ orúkọ ìyàwó ẹni. Òun náà ló fa owó oṣù kan sẹ́yìn fún ọjọ́ 23 torí pé ó ń kọ́ ilé ìtajà.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ẹ béèrè. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kì í ṣe ìdánwò WAEC tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló ní ìbéèrè. Nígbà tí mo ń wá ilé ìwé kejì, inú ọkọ̀ àbúrò mi ni mo jókòó sí ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí fídíò ní Sábó n'Íbàdàn, torí iná ti lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ ò sì jẹ́ kéèyàn gbọ́ra ẹ̀ sọ nínú ilé. Mo wọ tai, mo wọ sálúbàtà. Ìdajì mi òkè ni wọ́n ń rí. Ọ̀gá ilé ìwé náà béèrè bí mo ṣe ń kọ́ ìṣirò fún ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, mo dáhùn. Ó ní ṣé mo ní ìbéèrè. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ni ilé ìwé yìí, ìgbà wo lẹ sì dé ibẹ̀?" Ó wúkọ́. Ó ní ìdílé kan ni, pé wọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ó ní oṣù mẹ́jọ lòun dé. Mo béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Kó tó dáhùn tán, mo ti ka ọ̀gá mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́rin. Ìdílé tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, kí ló wá ń lé àwọn ọ̀gá lọ? Mo dúpẹ́, mo sì bọ́ tai.

Yàtọ̀ sí ìbéèrè, ìwé àyẹ̀wò ilé ìwé wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní Dubai, KHDA ni àjọ tó ń rí sí àwọn ilé ìwé aládàáni, wọ́n sì ti ń gbé àbọ̀ àyẹ̀wò wọn jáde fún gbogbo ayé láti ọjọ́ pípẹ́. Ipele mẹ́fà ni wọ́n ń fi ilé ìwé sí, láti èyí tó ta yọ dé èyí tí kò lágbára rárá. Ipele yẹn ni àwọn òbí ń wò. Tíṣà tó gbọ́n máa ń kọjá síbi tí wọ́n to iye ọmọ àti iye olùkọ́ sí: ọmọ mélòó ni tíṣà kan ń bójú tó, ọmọ orílẹ̀-èdè wo ló pọ̀ jù láàárín àwọn tíṣà, àti tíṣà mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló kúrò lọ́dún yẹn. Nọ́ńbà ìkẹyìn yìí sọ̀rọ̀ ju gbogbo fọ́tò lọ. Ilé ìwé ńlá ò lè má pàdánù èèyàn, torí iṣẹ́ àjò ni iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n bí ìdá mẹ́ta àwọn tíṣà bá ń kó ẹrù lọ́dọọdún, nǹkan kan ń lé wọn. Ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ àbọ̀ náà pẹ̀lú, torí ilé ìwé lè ti yí ọwọ́ padà. Níbi tí kò bá sí àjọ bíi KHDA, ẹ wò ó bóyá ilé ìwé náà wà lára àwọn tí Council of International Schools fọwọ́ sí, tàbí COBIS bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ́.

Ìwé àdéhùn ló kù, níbẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká jókòó sí.

Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi ka tirẹ̀ sí mi létí, láì fo ìlà kan. Dirham 10,000 yẹn kì í ṣe owó kan ṣoṣo. Wọ́n ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ẹran ìsì ewu: 4,000 ni owó oṣù gangan, 4,000 ni owó ilé, 1,000 ni owó ọkọ̀, 1,000 tó kù ni wọ́n pè ní owó mìíràn. Ó ní kí ló kàn mí, ṣebí àpò kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń bọ̀. Lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí yóò kúrò, rárá o. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Emirates sọ pé òṣìṣẹ́ àjèjì tó bá ti lo ọdún kan ó kéré tán ní ẹ̀tọ́ sí owó ìparí iṣẹ́: owó ọjọ́ 21 fún ọdún kọ̀ọ̀kan nínú ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, owó ọjọ́ 30 fún ọdún kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìyẹn. Inú owó oṣù gangan nìkan ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Owó ilé ò sí níbẹ̀, owó ọkọ̀ ò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú bírò. Ọjọ́ 21 nínú 4,000 jẹ́ 2,800. Lọ́dún mẹ́ta, 8,400 ni yóò gbà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé 7,000 ni owó oṣù gangan, tí àjẹmọ́nú jẹ́ 3,000, àpapọ̀ ṣì jẹ́ 10,000 náà, ṣùgbọ́n 14,700 ni yóò gbé lọ sílé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ìyàtọ̀ 6,300 ti fò lọ láti ọjọ́ tó fọwọ́ sí i, láìsí ẹni tó jà á lólè. Ó dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà kejì lọ́jọ́ yẹn. Físíìsì ló ń kọ́. Ìṣirò ò ṣòro fún un.

Àwọn ìlà mìíràn wà tí ojú máa ń fò. Ṣé oṣù méjìlá ni wọ́n ń sanwó àbí mẹ́wàá? Bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn bá jẹ́ ti ẹ̀yin àti Ọlọ́run nìkan, owó tó tóbi lójú á kéré. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ńkọ́: lọ́dọọdún ni, àbí ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí nìkan? Dé ìlú wo? Mo mọ ìyá kan tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúró sí Accra torí pé ibẹ̀ ló ti ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ilé tí wọ́n ní àwọn yóò fún yín, ẹ̀yin nìkan ni àbí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn? Ọmọ mélòó ni wọn yóò gbà sílé ìwé náà láìgba owó, àti pé ṣé ọ̀fẹ́ ni àbí ìdajì? Fún ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta, ìlà yìí nìkan lè tóbi ju owó oṣù lọ. Àkókò ìdánwò lẹ́nu iṣẹ́ ní Emirates kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Bí ìwé yín bá sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó kọ ọ́ kò mọ òfin tàbí kò bẹ̀rù rẹ̀.

Ohun kan ń dun àwa ará ilé ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ wa ń gba físà àbẹ̀wò wọ Dubai, a ó máa fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn ilé ìwé kiri, pé bí wọ́n bá rí wa sójú, wọn á gbà wá. Wọ́n lè gbà wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá nílẹ̀, ọmọ ilẹ̀ ni wọ́n ń kà á sí nínú ìwé: kò sí owó ilé, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ẹni tí wọ́n gbà láti Manchester fún iṣẹ́ kan náà ń gbé ilé tí wọ́n sanwó rẹ̀. Bí àyè bá wà, ilé ni kí ẹ jókòó sí wá iṣẹ́. Àwọn ilé ìwé tó ń wọlé ní oṣù kẹsàn-án máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá tíṣà láti oṣù kọkànlá ọdún tó ṣáájú. Èyí tí ẹ bá rí ní oṣù keje, tíṣà kan ti sá níbẹ̀. Àjẹ́ǹtì tó bá sì ní kí ẹ san owó kí òun tó bá yín wá ilé ìwé, ẹ rántí pé òfin ilẹ̀ yẹn kò gba kí wọ́n di ẹrù owó ìgbanisíṣẹ́ lé òṣìṣẹ́ lórí, yálà tààrà tàbí lẹ́yìnkùlé.

Ti pásípọ́ọ̀tù ńkọ́? N kò ní fi oyin bo ojú rẹ̀. Ìkéde iṣẹ́ ṣì pọ̀ tó ń béèrè "ẹni tí a bí sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì", tó sì jẹ́ àwọ̀ pásípọ́ọ̀tù ló ní lọ́kàn. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ìwé àṣẹ iṣẹ́ láti kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì wà fún ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè kan, Nàìjíríà kò sí nínú wọn. Ẹni tó ń kọ́ ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì ní ọ̀nà tó gbòòrò díẹ̀. Ẹ má fi ọdún yín ṣòfò lórí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti kàn pa. Èyí tó ṣí ni kí ẹ mú ìwé lọ bá. Láti 2023 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ kí olùkọ́ láti Nàìjíríà, tó bá kúnjú òṣùwọ̀n, lè béèrè fún ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tiwọn, QTS, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìyẹn lọ́wọ́, ilé ìwé tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Doha tàbí Nairobi yóò fara balẹ̀ ka lẹ́tà rẹ̀.

Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é tí ẹ ò ní nílò TRCN, ìwé ìforúkọsílẹ̀ olùkọ́ ilẹ̀ wa. Ìwé yín pẹ̀lú lè ní láti dé Àbújá. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì á lọ sí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ fún òǹtẹ̀, á ti ibẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, á sì parí sí ọ́fíìsì aṣojú ilẹ̀ tí ẹ ń lọ. Ìwé ọlọ́pàá tó ń sọ pé ẹ ò ní ẹ̀sùn lọ́rùn, Alágbọn ní Ìkòyí ni àwọn ará Èkó ti ń tẹ̀ka fún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí lẹ́tà iṣẹ́ tó dé, torí wákàtí 48 kò tó fún Àbújá.

Ẹ má sì bínú sí ilé ìwé tó bá ń da ìbéèrè bò yín nípa ìwé ọlọ́pàá, tó ń pe ọ̀gá yín mẹ́ta lórí fóònù, tó ní òun fẹ́ mọ ohun tí ẹ ṣe lọ́dún tí kò sí nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ yín. Lọ́dún 2014, wọ́n rí i pé ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, William Vahey, ti ń bá àwọn ọmọkùnrin ṣèṣekúṣe bó ṣe ń ti ilé ìwé bọ́ sí ilé ìwé káàkiri ayé fún nǹkan bí 40 ọdún. Ilé ẹjọ́ California ti dá a lẹ́bi lọ́dún 1969. Kò sí ẹni tó wò ó. Ìgbà yẹn ni àwọn ilé ìwé wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìlànà ìgbanisíṣẹ́ wọn tò. Ilé ìwé tó gbà yín ní ìṣẹ́jú 20 láì béèrè ẹni tí ẹ jẹ́ kò béèrè ẹni tí tíṣà kíláàsì kejì jẹ́ náà.

Ẹni tó bá ti ń sún mọ́ 60 ọdún nílẹ̀ Yorùbá yóò rántí tíṣà Gáná. Nígbà tí ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ lọ́dún 1979, ọmọ pọ̀, tíṣà ò tó, àwọn ará Gáná sì wá kún àlàfo. Wọ́n kọ́ bàbá mi ní kẹ́mísìrì n'Íjẹ̀bú. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari ní kí àjèjì tí kò níwèé máa lọ, àpò oníìlà pupa àti búlúù tí wọ́n fi kó ẹrù sì gba orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní, Ghana Must Go. Bàbá mi ní tíṣà tiwọn ò lọ lọ́dún náà, torí ìwé rẹ̀ pé, ìjọba ìpínlẹ̀ ló sì gbà á síṣẹ́. Aládùúgbò rẹ̀ tó ń kọ́ni nílé ìwé olówó kan ló di ẹrù rẹ̀ mọ́jú. Àwa la wá di tíṣà Gáná báyìí.

Èyí tó kù kò sí nínú ìwé kankan. Ẹ wá ẹni tó ti kúrò níbẹ̀. Àwọn tó ṣì wà níbẹ̀, ilé ìwé ló máa fún yín ní nọ́ńbà wọn, wọn á sì sọ pé oòrùn pọ̀ díẹ̀ ni. Ẹni tó kúrò ní ẹnu. Ẹ má béèrè pé ṣé ibẹ̀ dáa, torí ìdáhùn ìyẹn ò ní ìwúlò. Ẹ béèrè ọjọ́ tí owó oṣù kẹfà wọlé. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tó gbà kí owó ìparí iṣẹ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀, bóyá ó gbà á kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ béèrè ibi tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà lẹ́yìn tí físà jáde: òfin ò gba kí ọ̀gá tì í mọ́ dúrọ́ọ̀, àwọn kan ṣì ń tì í. Ẹ béèrè bí ọ̀gá ṣe ṣe nígbà tí òbí ní kí wọ́n tún máàkì ọmọ òun kọ. Obìnrin ará Abẹ́òkúta kan tí mo bá sọ̀rọ̀ kí n tó gba iṣẹ́ tí mo wà lónìí fi ìdáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yìí rẹ́rìn-ín fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ọ̀gá yẹn ní kí òbí náà wá kọ́ kíláàsì ọ̀hún fún ọ̀sẹ̀ kan." Ibẹ̀ ni mo ti pinnu.

Ọ̀rẹ́ mi kọ̀wé padà sí Dubai. Ó ní kí wọ́n sọ owó oṣù gangan di 7,000, kí wọ́n sì jẹ́ kóun bá tíṣà kan tó ti kúrò sọ̀rọ̀. Wọ́n gba 6,000. Ti ẹni tó kúrò, wọn ò dáhùn rẹ̀. Ó wá ẹni náà rí fúnra rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ọmọ ìjọ wọn kan ní Sharjah, wọ́n sì sọ̀rọ̀ di ọ̀gànjọ́. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún kan báyìí. Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, ilé ìwé fi fọ́ọ̀mù ráńṣẹ́ sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo tíṣà: ṣé ó ń dúró lọ́dún tó ń bọ̀ àbí ó ń lọ? Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Ó pè mí lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ní ilé ìwé náà ti yí ọwọ́ padà, ilé iṣẹ́ kan ti rà á, ó sì ń bi mí bóyá mo mọ àwọn tó rà á.